Ẹ̀rọ Koríko Ṣájà, àti Ẹni Tó Yẹ Kó Yàn Án

Ìdí-Ìrá, lọ́nà Ṣakí,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrí.

Wosilat Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ojúmọ́, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì kí ọ kú alẹ́, torí mi ò mọ èyí tí lẹ́tà yìí máa bá ọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní oòrùn tiyín máa ń yọ ṣáájú tiwa. Ó jọ pé àwọn Lárúbáwá ti máa ń dá a dúró lọ́nà, kí wọ́n lò ó tẹ́rùn kó tó kan àwa tálákà. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kó rẹ ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró wákàtí méjìlá lójúmọ́. Kí ilé gogoro tí o ń ṣọ́ má wó lé ọ lórí. Kí ọ̀gá rẹ má rí àṣìṣe rẹ, bó bá sì rí i, kó jẹ́ ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn. Kí o má ṣe àgbákò ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ. Àmín.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, Alhaja Lateefat tó gbé lẹ́tà yìí wá, jẹ́ kí wọ́n jókòó. Mo mọ̀ pé ọjà ní Deira ni wọ́n bá wá sí Dùbáì bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣèlérí fún mi pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó fọwọ́ kan bàtà kan. Bí wọ́n bá ní àwọn ń kánjú, irọ́ ni, wọn ò kánjú. Pe Adétóun náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní Hor Al Anz, tí o máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, kó wá jókòó sí apá kejì rẹ. Má ka lẹ́tà yìí lẹ́nu iṣẹ́. Má kà á lórí bẹ́ẹ̀dì òkè yẹn. Láti ọjọ́ tí o ti fi fọ́tò ibùsùn yín ránṣẹ́, tí mo rí Adétóun nísàlẹ̀ àti ìwọ lókè bí adìyẹ tó wọ̀ sórí igi, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wúwo wà nínú lẹ́tà yìí. Bí a bá dé ibẹ̀, màá sọ fún ọ pé a ti dé ibẹ̀. Má ṣí i wò láti ẹ̀yìn bí o ti máa ń ṣe sí ìwé ìtàn nígbà tí o wà níléèwé.

Ní ìwé kẹrin tí mo kà, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa kọ ọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mi ò ní kọ ìyẹn lónìí. Mo ti parọ́ tó lóṣù yìí.

Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ mẹ́ta, ọ̀kan jọ Àáfà Sofiullahi lójú, mo sì sọ fún un, ó bínú. Àáfà náà ra alùpùpù, ó wà á lọ sí mọ́sálááṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó sì wọnú kòtò pẹ̀lú láwàní rẹ̀. Wọ́n fà á jáde, ó ní òun ń wo bí kòtò náà ti jìn sí ni. Òjò ti lọ. Àwọn ará Ìdí-Ìrá ṣì ń fi oko wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní gbogbo ayé ń ro koríko kúrò lóko, àwa ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àgbò wọn ń ké, ẹnu ọ̀nà tiwa náà ni wọ́n ń wá tò sí láti ra koríko gbígbẹ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Fọ́tò ẹ̀rọ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ láti Ṣájà, ìlú tó múlé gbe Dùbáì yín, mo wò wọ́n títí ojú fi ń ta mí. Mo gbọ́ pé ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo tí o ní lo lò, pé o wọ Métírò, ọkọ̀ ojú irin yín, dé Al Qusais, o tún wọ ọkọ̀ mìíràn dé ibi tí Waheed, ará Pakistan yẹn, ti ń ta irinṣẹ́ oko àlòkù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fídíò, tó ń wí pé khalas, khalas, tí o ní ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí kì í tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Tún ná an.

Mo kọ́kọ́ fi ìka wọn ẹ̀rọ náà lójú fóònù. Àtàǹpàkò mi gùn jù ú lọ. Mo ní ṣé nítorí nǹkan tí kò tó alángbá yìí lẹ ṣe ń wá kọ̀ńténà? Kazeem tó ń gba iná sí fóònù wa lọ́jà wá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ni irin bá kún ojú fóònù fọ́fọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo yára ní kó dín in kù padà kí àwọn oní-kọ̀ńténà má baà rí i pé ó ti dàgbà.

Èyí àkọ́kọ́, tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tí eyín yí wọn ká bí òòyà, kíkójọ nìkan ló ń ṣe: bí koríko bá ti gbẹ nílẹ̀, á wọ́ ọ jọ sí ìlà. Èyí kejì, tó na apá mẹ́rin tó ń yí bí òòyì, títúká nìkan ló ń ṣe: á gbé koríko tútù sókè, á jù ú káàkiri kí oòrùn lè rí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oníṣẹ́ méjì, aláwọ̀ ewé, tí o ní bí èèyàn bá yí irin rẹ̀ sápá kan, á máa túká, bó bá tún un yí, á máa kójọ. Mo ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò ìyá rẹ tó wà ní Ìgbòho nìyẹn: á tú agbo ilé ká láàárọ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́, òun náà ló ń kó wọn jọ láti parí ìjà.

O wá sọ nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ pé: “Bàbá, Màmá ni kí wọ́n yàn án o, torí oko wọn ni. Bí wọ́n bá ti yàn án, màá mọ̀ pé wọ́n ti dárí jì mí.”

Wosilat, ibi tí mo ní a máa dé, a ti dé ibẹ̀. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Adétóun, ìwọ náà.

Ìyá rẹ kò lè yàn án. Nusirat ti kú. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lónìí.

Sunkún. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, kì í ṣe pé ìwé pọ̀ lọ́wọ́ mi. Má ka èyí tó kù títí Alhaja yóò fi sọ pé ó tó.

.

.

.

Ó yá, nu ojú rẹ. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ọjọ́ Sátidé ló ti oko koríko dé, ó ní ojú ń yí òun. Mo bá a ṣẹ̀fẹ̀, mo ní láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ níyàwó ni ojú rẹ ti ń yí, ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, apá òsì rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. A gbé e sínú ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ sí Ṣakí, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, ó ń sọ fún mi pé kí n bá òun bo koríko tó wà nílẹ̀. Àwọn ará ọsibítù gbìyànjú, kò sẹ́ni tí mo bínú sí.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀ kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Inú mi dùn pé mo lè kọ ọ́ fúnra mi, mo nu gíláàsì ojú mi kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ibì kan nínú rẹ̀ béèrè orúkọ ẹni tó súnmọ́ aláìsàn jùlọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkùnrin sùn ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù ni obìnrin kan tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tirẹ̀, Olúwabùkọ́lá lórúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, torí mi ò fẹ́ parọ́ fún ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tó di ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, Olúwabùkọ́lá ni nọ́ọ̀sì lọ bá, tó fara balẹ̀ sọ fún pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ gba kádàrá. Mo gbọ́ igbe láti ẹnu ọ̀nà, mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún, mo tilẹ̀ ń bá a kẹ́dùn lọ́kàn mi. Obìnrin tó mọ ìyá rẹ fún ọjọ́ méjì péré ló kọ́kọ́ sunkún un, Ọlọ́run yóò san án fún un. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí mi, ó ti sunkún débi pé èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó pẹ́ kó tó kàn mí láti sun tèmi.

Ìrun Àyìlà kò tíì tó tí a ti sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Ẹ̀yìn ilé la sin ín sí, níbi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ kàn láàárọ̀, torí o mọ̀ pé kì í fẹ́ kí ìrì pẹ́ lára nǹkan. Bó bá jẹ́ pé o ní ìyẹ́ gan-an, o kò lè bá a. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọkàn rẹ, sọ fún ọ pé o kọ̀ láti wá.

Àwọn àgbà jókòó lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ tó dá wà nídàálẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi fóònù sọ ọ́ fún un, torí bí fóònù bá sọ ọ̀rọ̀ tán, kò lọ́wọ́ tó máa fi di èèyàn mú. Wọ́n ní ẹni tó ti ilé wá ló gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́. Alhaja Lateefat ni ìrìnàjò wọn súnmọ́ jù, ó sì ku oṣù kan. Mo ní kò burú, irọ́ oṣù kan kò lè pa ẹni tó ti ń parọ́ láti kékeré.

Irọ́ wá di iṣẹ́ tí mò ń jí ṣe. Lónìí, ìyá rẹ wà lóko. Lọ́la, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìgbòho. Lọ́tùúnla, eyín ń dùn ún, eyín tí a ti yọ láti ọdún mẹ́ta. Mo rò pé mo ti borí, àfi ìgbà tí Kazeem là mí lọ́yẹ pé Wasáàpù máa ń fi ìgbà tí èèyàn yọjú kẹ́yìn han ẹni tó wà lókèèrè, pé bí o bá rí i fún ọ̀sẹ̀ kan pé ìyá rẹ kò yọjú, o máa fura. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Mo gbà pé tí fóònù rẹ̀ bá ti ń ṣí, ìyá rẹ ṣì wà láàyè ní Dùbáì, bí kò tilẹ̀ sí láàyè ní Ìdí-Ìrá mọ́. Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, màá ṣí fóònù rẹ̀, màá nà án sókè sí ìhà ìlà oòrùn kó lè rí ọ̀dọ̀ yín dáadáa, màá ka ení dé ogún, màá pa á. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá tún ṣe é. Dátà tí mo rà fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀ ju èyí tí mo rà fún un láyé rẹ̀ lọ. Níbi tó wà, ó dá mi lójú pé ó ń bú mi.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí mo ti ń ṣí i tí mo sì ń gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí i, fóònù tìrẹ ń sọ fún ọ pé ó ti gbọ́. O wà lọ́hùn-ún, ò ń rí i pé ìyá rẹ ń gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ, kò sì dáhùn ọ̀kan. Mo gbọ́ gbogbo wọn, Wosilat. Forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ sí ìyá ni, kò yẹ kí etí mi wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo gbìyànjú láti dá ọ lóhùn. Mo sọ ohùn mi di tín-ín-rín, mo ní, “Wosi, ṣé o ti jẹun?” bí òun ti máa ń wí. Kazeem rẹ́rìn-ín títí tó fi fìdí lé jẹnẹrétọ̀ tó gbóná. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ nínú àwa méjèèjì. Ó jọ ọ́. Ọdún tí a ti jọ wà ti lé lógójì, ohùn rẹ̀ ti lọ sá pamọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Mo ní kó pa á rẹ́.

Ọjọ́ tí o wá sunkún sínú fóònù náà, tí o ní, “Màmá, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ẹ ṣáà sọ̀rọ̀,” mi ò lè gbé e mì. Mo ní ó kéré tán kí n jẹ́ kí o mọ̀ pé ìyá rẹ náà ń sunkún. Mo wá inú àwọn ojú wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sínú Wasáàpù, mo rí ọ̀kan tó la ẹnu, tí omi ń dà pọ̀ọ̀ lójú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, ẹni yìí sunkún jù wọ́n lọ. Mo tẹ márùn-ún ránṣẹ́ sí ọ. Ọjọ́ kejì ni Kazeem tó sọ fún mi pé ẹ̀rín ló ń rín, pé ẹ̀rín ló pọ̀ débi tí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Ta ló ń fi omi ojú tó tó báyẹn rẹ́rìn-ín? Ẹni tó ya àwòrán yẹn, ọ̀fọ̀ kò tíì ṣẹ̀ ẹ́ rí.

Ìwọ wá rò pé ìyá rẹ ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e lo gba Ṣájà lọ, o ń wá irin tí o máa fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí o wá ní kí ó yàn án kí o lè mọ̀ pé ó ti dárí jì ọ́, mo jókòó sórí àpáta iwájú ilé, mo sọ fún ara mi pé Sùlàímọ́nù, ó tán. Èèyàn lè parọ́ kí ọmọ má baà sunkún. Ṣùgbọ́n kí ọmọ máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, kí bàbá rẹ̀ jókòó sí kọ̀rọ̀ máa tẹ fóònù, èyí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Mo ti pa fóònù náà. Kò ní yọjú mọ́. Bí o bá ń wò ó, má wò ó mọ́.

Gbọ́ èyí dáadáa, kí Alhaja kà á sí ọ létí bí ojú rẹ bá ṣú: kò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé ariwo lẹ fi túká. O tọwọ́ bọ kọ́ńtíráàtì ọdún méjì mìíràn láìbi í, ó ní, “Wosilat, ṣé Lárúbáwá ló bí ọ ni?” ó sì gé fóònù. Ibi tí tìrẹ parí sí nìyẹn. Èmi ni mo rí èyí tó tẹ̀lé e. Ó jókòó lórí òkìtì koríko, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta là ń gé koríko lọ́dún. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní, “Bàbá Wosi, ẹ̀ẹ̀mẹfà péré la máa gé koríko, ọmọ yẹn á dé.” Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ọ lọ́jà tó ń sọ fún ẹni tí kò bi í pé ọmọ òun ló ń ṣọ́ ilé alájà ogójì ní Jumeirah Lakes Towers, pé bí ọmọ òun kò bá ṣílẹ̀kùn, olówó á dúró sínú oòrùn. Ó pe orúkọ ibẹ̀ tó gbà á ní ìdajì wákàtí. Mo ní ṣebí o ní o kò fún un láṣẹ? Ó ní, “Mo ti fún un láàárọ̀ yìí.” Mo ní kó pè ọ́ nígbà náà. Ó kọ̀, ó ní kí ọkàn rẹ jó díẹ̀ ná, pé ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa pè ọ́. O mọ agídí yẹn, ìwọ náà lo jogún rẹ̀. Kí Jímọ̀ tó pé, ojú ti yí i.

Nítorí náà, má ra ohunkóhun láti fi bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀bẹ̀ nílẹ̀. Má sì sá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ ti gba tirẹ̀. Bí o bá dé lónìí, èmi nìkan lo máa bá, èmi sì nìyí, o ti rí mi rí. Ìgbà tí àkókò ìsinmi rẹ bá tó ni kí o wá.

Ó ku ẹ̀rọ. Mo ṣì fẹ́ ẹ o, má rò pé òkú ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi. O ní Waheed kò ní dì í mú kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Alhaja sì ní irin kan ṣoṣo ni àyè máa gbà nínú kọ̀ńténà wọn. Gbogbo èèyàn ló ní kí a mú oníṣẹ́ méjì. Kazeem ní òun ni ọgbọ́n. Ìwọ náà sọ ọ́ nínú fídíò pé èèyàn kan ṣoṣo ló máa tó ṣe gbogbo ẹ̀. Irin kan, àyè kan, iṣẹ́ méjì, ìṣirò yẹn kò kọjá ìwé kẹrin.

Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni a ti ń ṣe koríko yìí, ìyá rẹ ló sì ń tú u ká. Bí ìrì bá ti gbẹ, á mú igi oníka méjì rẹ̀, á máa gbé koríko sókè, á máa jù ú kí afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, á tún un yí. Á wá mú ẹ̀kúnwọ́ kan, á lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ, bó bá dún kẹ́kẹ́, á pariwo pè mí. Èmi ni mo ń kójọ. Mo máa ń wọ́ ọ sí ìlà kí oòrùn tó wọ̀, kí ìrì alẹ́ má baà bà á jẹ́. Kò gbà kí n tú ká láéláé, ó ní mò ń jù ú bí ẹni ń lé ajá. Èmi náà ò gbà kó kójọ, mo ní ìlà rẹ̀ máa ń wọ́ bí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Bí a ti pín in nìyẹn, a ò jọ jà sí i.

Koríko ẹ̀ẹ̀kẹta tí a gé, tó ní kí n bá òun bo, mo bò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo ṣí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí etí oko ní àkókò tí ó yẹ kí n kójọ, mo mú igi mi dání, mo jókòó. Mò ń dúró de ẹni tó máa pariwo pè mí. Òmùgọ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Ọjọ́ kẹfà ni mo tó fi igi gbé e wò. Òkè rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ti bu funfun, ó ń rùn. Gbogbo rẹ̀ ló jẹrà. Kò sẹ́ni tó tú u ká.

Nítorí náà, mo ti yàn. Oníṣẹ́ méjì yẹn, fi í sílẹ̀ fún Waheed. Ẹni tí kò lẹ́nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó ń túká nìkan ni kí o rà. Iṣẹ́ ìyá rẹ ni kò lẹ́ni mọ́, iṣẹ́ tèmi lẹ́ni. Bí o bá ra èyí tó ń ṣe méjèèjì, o ti sin àwa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, èmi ò sì tíì ṣe tán. Kazeem ni yóò máa wa tirakitọ̀ kékeré ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, òun ni yóò máa fa ẹ̀rọ náà. Mo ti sọ fún un pé bí koríko bá ti gbẹ, kó dúró láàárín oko kó pariwo pè mí, kó má fi fóònù pè mí. Ó ti ń ṣe ìdánrawò, ohùn rẹ̀ burú.

Ó kù kí n tọrọ owó, torí bí bàbá bá kọ lẹ́tà tí kò tọrọ owó, o lè sọ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ogójì ọjọ́ ìyá rẹ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ṣe sàráà. Kó má pọ̀, má yá a, kó ṣáà jẹ́ láti inú owó oṣù tìrẹ gan-an, kí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó jẹ́ ti búrẹ́dì lásán ni, a ó gbé e fún àwọn ọmọ kéwú. Lọ́jọ́ náà, kí ìwọ pẹ̀lú ra dàbínù, kí o pín in fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Kí Adétóun ṣe àmín lọ́nà ti ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ Ìjẹ̀bú.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ Nusirat, kó tẹ́ ibẹ̀ fún un kó gbẹ, kó sì móoru. Kó tu ọ́ nínú láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kó fi ẹni tó máa bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Kó mú ọ padà wálé ní ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, kí o dúró níbi tí a sin ín sí, kí o bá a sọ ọ̀rọ̀ tó kù láàárín yín, èmi ò ní sí nítòsí, mi ò ní gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí o gba ẹ̀yìn ilé bọ́ sí oko, màá wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sùlàímọ́nù,
tí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì kù fún un.